Mo ra òròmọdìẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú páálí ni wọ́n kó wọn sí ránṣẹ́ sí mi: bó ṣe lọ rèé

Ẹ ǹlẹ́ o. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan nípa hatchery yìí, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ sọ ẹyin di òròmọdìẹ, àfi táwọn adìẹ náà bá tó yé, torí mo ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí páálí dé gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ rìfíù tiwọn, inú wọn ṣì ń dùn sí bí òròmọdìẹ ṣe rí múlọ́múlọ́ lọ́wọ́, àbí inú ṣì ń bí wọn sí èyí tó kú. Tèmi ti lé lóṣù márùn-ún báyìí, àwọn ISA Brown, irú adìẹ ẹlẹ́yin kan, ti ń yé, mo lè sọ̀rọ̀ dáadáa wàyí.

Ọgbọ̀n ni mo rà, 20 ISA Brown àti 10 Barred Rock tó jẹ́ irú adìẹ mìíràn, abo ni mo sì sọ pé mo fẹ́ nínú méjèèjì. Ọjà rírà níbẹ̀ ò nira, ẹ óò mú irú adìẹ tó wù yín, ẹ óò mú ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ óò sanwó, ó tán. Kì í kúkú ṣe ọjà tó wà lórí pẹpẹ tí wọ́n á kàn nawọ́ mú, ọjọ́ 21 lẹyin fi ń wà nínú ẹ̀rọ kó tó di ọmọ, kò sẹ́ni tó lè ní kó yára, èmi dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko torí àwọn kan ti sanwó ṣáájú mi. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ Marek, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Àrùn Marek ló máa ń rọ adìẹ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kan á nà síwájú, ìkejì á nà sẹ́yìn, tó bá sì ti mú un kò sóògùn. Ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin ló dáa jù láti gún un, kí wọ́n tó kó àrùn náà nílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní ó dìgbà tí wọ́n bá délé kẹ́ ẹ tó máa wá abẹ́rẹ́ kiri, ó ti ń pẹ́ jù nìyẹn.

Ohun táwọn èèyàn ń bi mí jù ni pé báwo lèèyàn ṣe máa fi ohun ẹlẹ́mìí ránṣẹ́ bíi lẹ́tà, tí ò ní kú sọ́nà. Ẹ̀rù ba èmi náà. Bó ṣe jẹ́ ni pé kí òròmọdìẹ tó fọ́ ẹyin jáde, á ti fa pupa inú ẹyin wọ ikùn, òun ló máa gbé e dúró fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹ láìmu. Lábẹ́ ìyá adìẹ náà, gbogbo ẹyin kì í fọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kọ́kọ́ jáde gbọ́dọ̀ lè dúró de àwọn àbúrò wọn. Wákàtí 72 ni wọ́n máa ń dá lé e. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà tèmi wà.

Mọ́ńdè làwọn tèmi jáde, Mọ́ńdè náà ni wọ́n gbé wọn sọ́nà, wọ́n ní Wẹ́sìdeè á bá wọn lọ́dọ̀ mi. Wẹ́sìdeè wá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn ìfìwéránṣẹ́ ò ṣíṣẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú ọ̀sẹ̀ yẹn o, mi ò wo kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi òròmọdìẹ ránṣẹ́ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ṣé àwọn náà ò rí i ni? Mo pè wọ́n, àǹtí tó gbé fóònù ní "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ó ti wà lọ́nà." Ọ̀nà wo? Látàná ló ti jókòó síbì kan náà, mo ń wò ó lórí fóònù mi.

Tọ́sìdeè, aago mẹ́fà àárọ̀, fóònù dún. "Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá gbé àwọn ọmọ adìẹ yín, a ò gbọ́ra wa mọ́ níbí." Inú mi dùn sí ariwo yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí páálí tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ó ku díẹ̀ kí wákàtí 72 pé.

Ojú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni mo ti ṣí i, ẹ̀yin náà ẹ ṣí i níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò. Páálí náà dáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ihò wà yí i ká, wọ́n pín inú ẹ̀ sí ọ̀nà méjì kí wọ́n má bàa gun ara wọn pa, wọ́n sì tẹ́ nǹkan tó hára sísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má yọ̀. Mo kà wọ́n, 35! Mẹ́ta ti kú, ISA Brown méjì àti Barred Rock kan, wọ́n ti pẹ́lẹ́bẹ́ ní igun kan. Òmíràn dùbúlẹ̀, ó tẹ ọrùn.

Mo ti tan iná sí ibi tí wọ́n máa gbé láti ọjọ́ tó ṣáájú, mo fi tẹmọ́mítà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ̀yìn wọn máa wà, 35°C ló yẹ kó wà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi bíi 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká sòótọ́, lẹ́yìn ọjọ́ kejì mi ò wo tẹmọ́mítà mọ́, àwọn fúnra wọn ń sọ ọ́: tí wọ́n bá kóra jọ sábẹ́ iná tí wọ́n ń ké, òtútù ni, tí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lanu, ooru ti pọ̀ jù. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti ẹnu wọn bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí mo fi ṣúgà díẹ̀ sí, omi lákọ̀ọ́kọ́, oúnjẹ lẹ́yìn náà. Èyí tó dùbúlẹ̀ yẹn, ó fúyẹ́ bí òwú lọ́wọ́ mi, mo ti ẹnu ẹ̀ bọmi, kò mira, mo tún tì í bọ̀ ọ́, ó wá gbé orí sókè, ọ̀fun ẹ̀ mì, ó gbé e mì. Mo pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ló kú ṣá.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ ti gan mọ́ ìdí mẹ́fà nínú wọn, ìrìn àjò ló sábà máa ń fà á. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ó lè pa wọ́n. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti òwú lẹ máa fi rẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á ní gbígbẹ. Ẹ sì wò ó dáadáa o, ìdí wà lábẹ́ ìrù, èyí tó ṣe kókó bí èèpá nísàlẹ̀ ìyẹn, ìdodo ni, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ọ̀rọ̀ owó. Mo fi fọ́tò àwọn mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, owó wọn sì padà wá láìjà láìta, mo kan sáárá sí wọn níbẹ̀. Ìkẹrin, wọ́n ní wákàtí 48 ti kọjá. Òótọ́ ni, ó wà nínú àdéhùn, mo kà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ṣòfò lọ́nà yẹn ló pa á, ó sì dùn mí. Owó ọkọ̀ ò padà o, kódà díẹ̀ nínú ẹ̀.

Márùn-ún tó lé yẹn ńkọ́? Wọ́n ní káwọn yòókù lè móoru ni. Ṣùgbọ́n ISA Brown kì í fi ara ẹ̀ pamọ́, abo máa ń pọ́n láti ọjọ́ kìíní, akọ á funfun sí yẹ́lò, ẹ lè mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Yẹ́lò ni màrààrún! Akọ tí ò sẹ́ni tó fẹ́ rà ni wọ́n dì mọ́ mi lẹ́rù. Akọ adìẹ ẹlẹ́yin kì í lẹ́ran lára bọ̀rọ̀, ó kàn ń jẹun ni. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti sọ pé kí wọ́n fi abo kún un, màá sanwó ẹ̀. Ti Barred Rock yàtọ̀, àmì funfun orí wọn ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé ìdánilójú àwọn ò ju 90 nínú 100 lọ. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ níwọ̀n ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ohùn ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ò gbọ́ epo. Ìyẹn ò bí mi nínú, wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà yẹn kò tíì sí èyí tó kú mọ́. Wọ́n dọ́gba, ìyẹ́ wọn ń dán, kò sí arọ. Adìẹ wọn dáa, ìrìn àjò ni wọn ò kà sí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún wọn.

Mo ti tún ra 20 mìíràn lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wo kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mejì, mo mú ọ̀sẹ̀ tí ò sí ìsinmi tí oòrùn ò sì mú jù, mo wá kọ ọ́ síbi tí wọ́n ní kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí pé mi ò fẹ́ akọ kankan, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n fèsì ní ọ̀rọ̀ méjì: "Ódáa, mà."