Ẹ̀kọ́ ìfẹ́sọ́nà fún àwa àgbàlagbà tó ní autism: bí mo ṣe rí i ní Àkúrẹ́

Mo ní autism, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ mi ń gbà lóye ọ̀rọ̀ àti ìṣesí èèyàn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo fẹ́ ní aya, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé mi dé kíláàsì yìí ní Alágbàká nìyẹn. Ìlànà PEERS, ètò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́, ni olùkọ́ wa ń tẹ̀ lé, èyí tí Elizabeth Laugeson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ 16 ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́sọ́nà sì wà nínú rẹ̀ fáwọn tó ti dàgbà.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn dá wá. Àǹtí mi ló bá mi lọ, iṣẹ́ alárinà ayé àtijọ́ gan-an ni wọ́n sì ṣe: bí a bá ń padà sílé, wọ́n á máa là á yé mi, ohun tójú àti ẹsẹ̀ èèyàn ń sọ tí ẹnu rẹ̀ ò sọ.

Ní kíláàsì, olùkọ́ á ṣe bí ọkùnrin tó ń rojọ́ láìdánu dúró. Obìnrin tó jókòó tì í á máa wo fóònù, á sì ti yí ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń tẹ̀ lé e: báwo ló ṣe rí lára obìnrin yẹn? Kí ló máa rò nípa ọkùnrin náà? Ṣé á tún fẹ́ bá a sọ̀rọ̀? Èmi lè sọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè láti àárọ̀ dalẹ́, àtẹ̀gùn 660 rẹ̀, ipa ẹsẹ̀ Àgbóògùn tó wà lára àpáta ibẹ̀. Wọn ò ní kí n pa á tì. Kí n sọ díẹ̀, kí n bèèrè ohun tí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ fẹ́ràn, títí a ó fi rí ohun tó pa wá pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ̀ ló ṣe mí láǹfààní jù. Wọ́n ti tọ́ wa pé obìnrin gidi kì í tètè gbà, kí ọkùnrin má jẹ̀ẹ́ kó sú òun. Báwo lèmi tí mo ń gba ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ yóò ṣe mọ ìgbà tí “ẹ jẹ́ kí n rò ó” jẹ́ kíkọ̀? Òfin kíláàsì wa ni pé bí o bá bèèrè lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbà, kí o fi í sílẹ̀. Àǹtí mi jiyàn títí. Olùkọ́ ò yẹsẹ̀, inú mi sì dùn gan-an, torí òfin náà dáàbò bo obìnrin, ó sì fi ọkàn èmi náà balẹ̀.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe ń tẹnu mọ́ wíwo ojú. Ó ń ni mí lára. Láti 2012 ni Damian Milton, onímọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ní autism, ti kọ ọ́ pé tọ̀tún-tòsì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé tó wà láàárín àwa àtàwọn tí kò ní autism ti ń wá. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa nìkan la ó máa yí padà? Ó yẹ kí wọ́n kọ́ wa bí a ṣe lè sọ fún àfẹ́sọ́nà ẹni pé ariwo ń dà wá láàmú. Nínú kíláàsì gan-an, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kì í jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ wọ́n gbà kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa fipá mú yín wo ojú, kí ẹ sì kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ nínú yàrá náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́.