Páúdà, kírímù tàbí làálì: ìfiwéra fún ẹni tí ó fẹ́ bo ewú nílé

Ẹni ọdún 38 ni mí nígbà tí ewú kọ́kọ́ yọ sí mi ní ẹ̀bátí, ẹni ọdún 51 sì ni mí báyìí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi bo orí mi nílé ní Adó-Èkìtì, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ kì í jẹ́ kí n ráyè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí láàárín ọ̀sẹ̀. Mo lo dáì páúdà fún ọdún 6. Mo lo dáì kírímù lẹ́ẹ̀kan, mo sì ra òmíràn tí n kò lè fi kan orí. Làálì ni mo ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 6 sẹ́yìn. Ẹni tí ó dúró níwájú ìsọ̀ ìpara, tí kò mọ èwo ni kí òun mú, ni mo kọ èyí fún. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí wíwọ ẹ̀wù tí ó ti gbó tàbí títẹ́ nǹkan sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn.

Páúdà ni ó wọ́pọ̀ jùlọ, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jùlọ. Ẹ óò rí i ní Ọjà Ọba ní Adó, ẹ óò rí i nínú ìsọ̀ kékeré ní Ìfàkì àti ní Ìkọ̀lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ àti àtíkè. Omi lásán ni a fi ń pò ó, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ni ó ń lò lórí, bí a bá sì ti ṣàn án kúrò, ewú ti di àwátì. Ẹ̀sùn tí mo ní sí ẹwà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó máa ń dúdú bíi kóró iṣin láti ìdí irun dé ṣóńṣó rẹ̀, ojú ẹni tí ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún kì í sì í bá irú dúdú bẹ́ẹ̀ mu mọ́. Bí ó bá kán sí etí tàbí iwájú orí tí a kò fi Vaseline pa, àbàwọ́n rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti kí aró wọ ewú ṣinṣin, kírímù ni ọ̀gá. Ohun méjì ni ó máa ń wà nínú páálí rẹ̀, kírímù aró fúnra rẹ̀ àti peroxide tí a ń pò mọ́ ọn. Amóníà inú kírímù náà ni ó ń ṣí ìpẹ́ ara irun sílẹ̀ kí aró lè ráyè wọlé, peroxide ni ó sì ń mú kí aró náà yọ àwọ̀ nínú irun, tí kò fi ní lè ṣàn jáde mọ́. Fún ewú, èyí tí wọ́n kọ 6% tàbí 20 volume sí lára ti tó. Èyí tí ó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ wà fún ẹni tí ó fẹ́ kí irun rẹ̀ mọ́ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ewú ẹ̀bátí a máa le, a sì máa kọ aró, ṣùgbọ́n kírímù a máa borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó pupa lè mú èyí tí ó bá awọ ara rẹ̀ mu. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ni mo lò ó, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé irun mi ti rí aró. Ẹni tí ó bá ń fi rìlásà sí irun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán, kí ó tó fi kírímù lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irun yóò máa já. Èyí tí a bá sì ti pò kò ṣeé fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ ra dáì kọ́kọ́ wò, kì í sì í ṣe àwọ̀. Kẹ́míkà kan wà tí ó ń jẹ́ para-phenylenediamine, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí PPD. Òun ni ó ń fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ dáì páúdà àti dáì kírímù ní dúdú wọn. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á, ara àwọn mìíràn kò gbà á, èyí tí ó sì yẹ kí a máa bẹ̀rù ni pé ara tí ó ti ń gbà á láti ọdún pípẹ́ lè ṣàdéédé kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ báyìí, kì í sábà gbà á mọ́ títí ayé.

Ọdún kẹfà tí mo ti ń lo páúdà ni ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ Ùdírókò, ọdún ìbílẹ̀ Adó wa, ku ọjọ́ 3, àwa obìnrin ẹgbẹ́ sì ti rán aṣọ. Mo po páúdà mi lálẹ́ Ọjọ́rú, mo fi sórí, mo ṣàn án, mo sùn. Lóru ni ẹ̀yìn etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo rò pé ọṣẹ ni kò kúrò tán, mo dìde, mo tún orí ṣàn. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì yóò fi mọ́, iwájú orí mi ti wú, ìpéǹpéjú mi méjèèjì ti kún bí ẹni rọ omi sí i, n kò sì lè la ojú òsì rárá. Omi kan tí ó mọ́ kedere ń sun jáde níbi tí irun ti pàdé iwájú orí, ó ń gbẹ bí oje igi kájú, ó sì lẹ aṣọ ìrọ̀rí mọ́ mi lára. Ọmọ mi obìnrin ni ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lè ṣí i kúrò. Inú yàrá ni mo wà lọ́jọ́ Ùdírókò tí mò ń gbọ́ ìlù, aṣọ ẹgbẹ́ náà sì wà lórí àga bí télọ̀ ṣe ká a.

Dókítà tí a bá nílé ìwòsàn kò béèrè nǹkan púpọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, dáì wo ni ẹ fi sórí?” Mo dáhùn pé èyí tí mo ti ń lò láti ọdún 6 ni, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan rí. Ó ní kí ọmọ mi lọ mú páálí rẹ̀ wá láti ilé, ó tú ìwé inú rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a dán an wò lára ní wákàtí 48 ṣáájú, ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ra páúdà náà, n kò tú ìwé yẹn wò rí. Owó tí mo ná lórí oògùn àti ìpara fún ọ̀sẹ̀ 2 ju owó gbogbo páúdà tí mo ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, irun ẹ̀bátí mi tí ó já sì pẹ́ kí ó tó hù padà.

Ohun tí mo tún ṣe lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Mo lọ ra kírímù olówó gọbọi kan tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí lára pé kò ní amóníà, mo sì gbà pé ewu ti kúrò níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo dán an wò. Mo fi ìwọ̀n èékánná ìka kan sí ẹ̀yìn etí, mo fi í sílẹ̀. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti le, ó sì ń yún mi burúkú. Ìgbà náà ni mo wá fara balẹ̀ ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, PPD sì wà láàárín wọn. Amóníà ni ó ń rùn tí ó sì ń ta ní imú, òun ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó wú mi lójú. Páálí tí ó ní òun kò ní amóníà kò tíì sọ nǹkan kan fún yín nípa PPD. Èyí tí ó bá sì sọ pé òun kò ní PPD lè ní toluene-2,5-diamine, tí í ṣe ìbátan rẹ̀, tí ara àwọn kan tí ó kọ PPD náà máa ń kọ̀.

Nítorí náà, ẹ yí páálí padà lọ́jà, kí ẹ wá orúkọ náà, p-phenylenediamine ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí èyí tí yóò kan orí ju 2% lọ lẹ́yìn tí a bá ti pò ó. Bí ẹ bá rí páúdà tí kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ dán an wò ní ẹ̀yìn etí tàbí ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá bí ìwé inú rẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì dúró di wákàtí 48. Ẹni tí ó fẹ́ kun orí fún òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ajé ni kí ó ti dán an wò.

Ó wá ku làálì. Ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ni, ọwọ́ àwọn Hausa ni a sì ti mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa, lálle ni wọ́n ń pè é. Lóòótọ́ ni ó ń gba sùúrù. Mo máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó lálẹ́, kí ó lè tú aró rẹ̀ sílẹ̀ di òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kejì, màá fi ọṣẹ fọ orí kí òróró kúrò, màá fi làálì kùn ún ní ìpín-ìpín, màá sì fi ọ̀rá wé e fún wákàtí 3. Bí mo bá ṣàn án, gbogbo ewú náà á ti pọ́n bí ẹyìn tí ó pọ́n lórí ọ̀pẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ìrètí nù, tí wọ́n ń sọ pé làálì ba orí àwọn jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ìdajì kejì ni páúdà indigo tí ó ń wá láti Íńdíà. Omi lásán ni a fi ń po ìyẹn, a ó fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, a ó sì tètè kùn ún lé orí, nítorí pé bí ó bá pẹ́ nínú abọ́, agbára rẹ̀ a lọ. Lẹ́yìn wákàtí 1 sí 2, a ó fi omi nìkan ṣàn án. Kí ẹ má ṣe bẹ̀rù bí orí bá kọ́kọ́ dà bí ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, yóò máa dúdú sí i títí di ọjọ́ kejì. Kí ọṣẹ má ṣe kàn án fún ọjọ́ 2.

Indigo yìí jẹ́ ìbátan ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ aṣọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu omi ìkòkò aró sórí. Omi eérú ni wọ́n fi ń pa aró aṣọ, ọ̀pọ̀ sì ń fi kọ́sítíìkì sí i lóde òní. Yóò bó awọ orí ni.

Làálì ní àléébù tirẹ̀. Ó ń gba ìdajì ọjọ́, ó ń rùn bíi koríko tútù, páúdà indigo kì í sì í rọrùn láti rí ní Adó, tí ó fi jẹ́ pé mo máa ń ní kí wọ́n bá mi rà á wá láti Èkó. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún nílé ìwòsàn pé ara rẹ̀ kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lo làálì, nítorí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ta làálì dúdú fún yín, tí ó ní ìṣẹ́jú 30 ni yóò fi sọ ewú di dúdú láìsí indigo, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ewé nìkan ni ó wà níbẹ̀; PPD ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Làálì gidi kì í mú dúdú wá.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló kù. Ṣáńpù inú ọ̀rá tí ó ń bo ewú, dáì ni. Ẹ yí òun náà padà kí ẹ tó rà á. Irun ń gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, nítorí náà èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ewú yóò tún yọjú nídìí irun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5. Ìpìlẹ̀ irun nìkan ni kí ẹ kùn nígbà náà. Abọ́ ọ̀rá ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ má ṣe fi dáì kankan kan irun ojú, nítorí ó lè fọ́ ojú.

Ẹni tí àkókò há mọ́, tí owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ti dán páúdà wò ní wákàtí 48 tí ara rẹ̀ kò sọ nǹkan, kí ó lò ó láìfòyà. Ẹni tí ewú rẹ̀ le tí kò gba aró, tí ó sì fẹ́ àwọ̀ tí ó jọ irun àbímọ́, kírímù ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí ó bá ti ṣe ìdánwò kan náà. Ẹni tí ó bá ní ìdajì ọjọ́ láàárín oṣù, làálì kò ní fi orí rẹ̀ ṣe àṣedánwò. Ìwé Ùdírókò ti tún dé sí ẹgbẹ́ wa báyìí, aṣọ wà lọ́wọ́ télọ̀. Mo ti ra ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú ni màá po làálì, Ọjọ́bọ̀ ni màá kùn ún, indigo yóò sì ti dúdú tán kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta tó mọ́.