Ṣé kẹ́ ẹ rà á lórí ayélujára ni, àbí kẹ́ ẹ lọ sí ọjà Balógun? Èwo ló ń ba àyíká jẹ́ jù?

Ká ní áyọ́ọ̀nù tuntun lẹ fẹ́ rà l'Ékòó. Ẹ lè tẹ fóònù kí wọ́n gbé e wá bá yín nílé, ẹ sì lè lọ sọ́jà fúnra yín. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ là ń sọ níbí o. Èéfín àti pàǹtírí là ń wò.

Èéfín ọkọ̀

Títí tí áyọ́ọ̀nù náà fi dé èbúté Àpápá, ọgbọọgba ni ti ayélujára àti ti ọjà. Ìrìn tó kẹ́yìn ló ń fa ìyàtọ̀.

Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú dé TBS (Tafawa Balewa Square), tó fẹsẹ̀ rìn wọ Balógun, èéfín tiẹ̀ ò tó nǹkan. Bọ́ọ̀sì yẹn á kúkú lọ, ó wọ̀ ọ́ o, kò wọ̀ ọ́ o. Ẹni tó dá wa mọ́tò lọ lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland: ẹ́ńjìnì ń jó epo, éésì ń fẹ́, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, nítorí áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo! Ayélujára sàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọkọ̀ tó ń pín ọjà ń kó lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo. Bí ẹni tó ń gbé ọjà wá bá pè yín tí fóònù ò lọ, á padà, á tún wá lọ́la. Bí ẹ bá ní dandan òní lẹ fẹ́ ẹ, ọ̀kadà kan lè gbéra nítorí tiyín nìkan. Èyí tó wù mí jù ni kí wọ́n gbé e sí ibùdó tẹ́ ẹ ti lè gba ọjà, irú èyí tí Jumia tó ń tajà lórí ayélujára ní, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ gbà á.

Pàǹtírí

Ọjà ló borí níbí, bí ẹ bá ti mú báàgì dání. Ṣájà fóònù lásán tẹ́ ẹ rà lórí ayélujára lè wá nínú páálí tó gba bàtà, pẹ̀lú ọ̀rá tí àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ pọ́-pọ́-pọ́, àti sẹ́lótéèpù yíká. Páálí ṣì wúlò. Ọ̀rá yẹn, gọ́tà ló ń lọ. Ní ti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà fún yín, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù Keje 2025, ẹ kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá nà án sí yín.

Iná

Ṣọ́ọ̀bù ń tan jẹnẹrétọ̀, ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń tajà lórí ayélujára náà ń tan tiẹ̀. Mi ò rí olúborí.

Aṣọ àti bàtà

Ẹ lọ sọ́jà. Èyí tẹ́ ẹ rà lórí ayélujára tí ò bá yín mu, tẹ́ ẹ dá padà, ìrìn ẹ̀ ti di ìlọ́po méjì.