Ìtànṣán gamma tàbí ìgbì òòfà: èwo ni kí n fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá?

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní FUTA, níbí ní Àkúrẹ́, ń bi mí: nínú ìtànṣán gamma (ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù lọ) àti ìgbì òòfà (gravitational waves, ìgbì tó ń mi àlàfo àti àkókò), èwo ni kí àwọn fi wá àmì òòfà kúáńtọ́mù, ìyẹn àbá tó fẹ́ so òòfà (gravity) pọ̀ mọ́ físíìsì àwọn ohun tíntìntín?

Ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ Fermi (sátẹ́láìtì tó ń wo ìtànṣán gamma) àti ti LIGO (ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì òòfà) lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ti LIGO ń jẹ dátà, ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, iná wa kì í sì í dúró.

Ìbéèrè ti gamma ṣe kedere, torí àwọn àbá òòfà kúáńtọ́mù kan sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀: ṣé ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù máa ń pẹ́ lọ́nà ju èyí tí kò lágbára tó o? Ní 2009, nínú GRB 090510 (ìbúgbàù ìtànṣán gamma kan), ìtànṣán kan tó ní agbára 31 GeV rin ìrìn ọdún tó lé ní bílíọ̀nù 7, síbẹ̀ kò fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu! Ewu rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè búra pé ìgbà kan náà ni gbogbo wọn gbéra.

Ní ti ìgbì òòfà, ọ̀dọ̀ ihò dúdú (black hole) méjì tó forí gbárí gan-an ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. A lè wá gbohùngbohùn (echo) lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó lè jẹ́ àmì òòfà kúáńtọ́mù. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ lè jọ gbohùngbohùn.

Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta péré àti láptọ́ọ̀pù lo ní, mú gamma. Bí o bá ti mọ Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) dáadáa, tí olùkọ́ rẹ sì ní kọ̀ǹpútà ńlá, ìgbì òòfà ni kí o mú.