Fèrèsé mi ń wo ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ mi ni kò tètè débẹ̀

Ilé alájà mẹ́rin lẹ́yìn odi ìlú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òkè pátápátá ni fúláàtì mi wà, ojú mi sì ti rí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀.

Ká sòótọ́, wọ́n kọ́ ilé náà dáadáa. Bí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi bá ń pariwo mọ́ra wọn, n kì í gbọ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ mi ló ń jìyà: bí mo bá fa àga pẹ́nrẹ́n, ó ti gbọ́. Kọnkéré máa ń dí ohùn ẹnu, àmọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn ló parí ìjà yẹn.

Omi ńkọ́? Orí òrùlé ni táǹkì wà, ẹ ó sì rò pé èmi tí mo sún mọ́ ọn jù ni màá jẹ̀gbádùn rẹ̀. Rárá o. Bí táǹkì bá ṣe ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ni omi ṣe ń lágbára. Kí agbára yẹn tó pé bar 1 (bar ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì sí), táǹkì gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Tèmi ò ju mítà 2 lọ. Omi ń ya yàà nísàlẹ̀, tèmi ń kán tó, tó. Ooru náà tún wà níbẹ̀: òrùlé á mu oòrùn lọ́sàn-án, á wá tú u lé mi lórí lálẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ fèrèsé tó dojú kọra wọn.

Àdúgbò ló ń dùn mí jù. Ó pa rọ́rọ́, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín títì láìbẹ̀rù, torí ọ̀nà ibẹ̀ kò já, kò sí mọ́tò tó ń gbabẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tí kò já yẹn náà ló ń fìyà jẹ ẹlẹ́sẹ̀. Láti ilé ìdáná mi, mo ń rí bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò, fáǹsì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Kí n tó débẹ̀, àfi kí n yí àdúgbò po, bọ́ọ̀sì á sì ti lọ. Ilẹ̀kùn kékeré kan lára fáǹsì ti tó. Àwọn alábòójútó ní olè á gbabẹ̀ wọlé. Ṣé olè tó ní mọ́tò kò lè gba géètì ni?

Ẹni tó bá ní ọkọ̀, kó gba àjà kejì, á gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ibùdókọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kó tó sanwó ilé. Èmi ò tíì kó kúrò. Fáǹsì yẹn ni mò ń bá wọn fà.