Ìgbaradì fún Eré Ìsáré Kúkúrú àti ti Eré Gígùn

Ní ọdún 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré mítà 100 tí àwọn obìnrin ń fo igi nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà, fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9 parí eré Máratọ́ọ̀nù ti ìlú Berlin. Àwọn méjèèjì ló yára ju gbogbo ẹni tó ti sá irú eré tiwọn rí lágbàáyé, síbẹ̀ ọ̀nà ìgbaradì wọn kò bára mu rárá.

Agbára òjijì ni eré kúkúrú ń béèrè. Ohun tí iṣan ti tọ́jú pamọ́ ni ó kọ́kọ́ ń ná, nítorí kò ráyè dúró de afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú. Ìdí nìyí tí sárésáré bẹ́ẹ̀ fi ń gbé irin wúwo, tí ó ń fò sókè, tí ó sì ń fi gbogbo agbára sáré díẹ̀, kí ó tó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìsinmi yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kì í kà sí, ó sì dùn mí: ẹni tí kò sinmi tó ń kọ́ ara rẹ̀ láti fara da àárẹ̀ ni, kò kọ́ ọ láti yára.

Ní ti eré gígùn, ọkàn ni ó gbọ́dọ̀ lè fún ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde ní lílù kọ̀ọ̀kan. Ìsáré pẹ̀lẹ́, tí ènìyàn ṣì lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ni ó gba apá tó pọ̀ jù nínú ìgbaradì rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù nílò méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ó bá fẹ́ pa wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó kọ́kọ́ ṣe ti òjijì nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.