Ẹ ṣọ́ra fún onífóòmù tó bá ní kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kà á tán kí ẹ tó kó owó yín fún onífóòmù kankan. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Èmi! Èmi tí mo máa ń ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò níwájú ọlọ́jà.

Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Fóòmù tí à ń sùn lé ti gbó, ni mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí. Ó ń pè mí ní Mọ́mì bí ẹni pé èmi ni mo bí i. "Mọ́mì, ẹ̀yìn ń dùn yín, àbí? Èyí tó le jù ni kí ẹ rà. Bó bá ṣe le tó ni ẹ̀yìn yín á ṣe nà tó." Ó gbá fóòmù náà ní ẹ̀ṣẹ́, ó ní kí n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́, ó le bíi pákó. Wọ́n kọ "orthopaedic" gàdàgbà sí i lára, pẹ̀lú nọ́ńbà 30. Mo rò pé dókítà eegun ló fọwọ́ sí i ni. Ọ̀rọ̀ lásán ni o! Ẹni tó bá wù ú ló lè kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n dùbúlẹ̀ lé e kí n tó sanwó. Ojú ló tì mí. Kí èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, bọ́ bàtà kí n nà gbalaja níṣojú àwọn ọkùnrin? Mo gbà, ẹ̀bi mi ni. Àmọ́ ṣé ẹ̀bi mi náà ni irọ́ tó pa? Òun ló ní kí n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń fi ọwọ́ sùn?

Nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé e lérí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó ń fi èkejì tẹ fóònù. Mo tún yìn ín! Mo ní ọmọ yìí lágbára o. Agbára kọ́, fóòmù ló fúyẹ́. Ohun tó yẹ kó ta mí lólobó, èmi ń kí i kú iṣẹ́.

Kò pé oṣù kan tí àárín rẹ̀ fi jìn. Oṣù kan! Èmi á sùn sápá ọ̀tún, ọkọ mi á sùn sápá òsì, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwa méjèèjì á ti yí dé inú kòtò, a ó kó jọ síbẹ̀ bí aṣọ tó dọ̀tí. Ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ti kan ọrùn, ó ti kan èjìká.

Ìbínú ni mo fi tú síìpù rẹ̀. Ègé méjì ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀! Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ sì bọ́ sí abẹ́ ìbàdí mi gẹ́lẹ́. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀, ká a, ó fi okùn dì í, ó gbé e lọ́wọ́ gun orí ìwọ̀n, a sì yọ iye tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n kúrò. Kìlógíráàmù 10 ló ṣẹ́kù. Ẹ bá mi ṣírò. Mítà 2 ní gígùn, mítà 1.5 ní fífẹ̀, mítà 0.2 ní nínípọn: ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 0.6 ni. Nọ́ńbà 30 yẹn túmọ̀ sí pé bí fóòmù bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní nínípọn, kìlógíráàmù 30 ló yẹ kó wọ̀n. Nítorí náà, 18 ló yẹ kí tèmi jẹ́. Kìlógíráàmù 8 ti lọ! Afẹ́fẹ́ ni mo sanwó fún. Líle lọ́tọ̀, kíki lọ́tọ̀. Fóòmù tí kò ki lè le lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kì í pẹ́ tó fi ń wó.

Mo padà lọ bá a. Ẹni tó ń pè mí ní Mọ́mì wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ̀yin náà, ẹ wo bí ẹ ṣe tóbi." Níwájú àwọn oníbàárà! Mo bi í léèrè wọ́ráńtì, ó ní kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí pé a ti já ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ṣé inú ọ̀rá ló fẹ́ ká máa sùn ni?

Fóòmù líle tí ọkùnrin náà ń fẹnu pọ́n pé ó dáa fún ẹ̀yìn yẹn pàápàá, irọ́ ni. Ní 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Spéènì, lórí èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́. Àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀nba ni ara tù ju àwọn tó sùn lórí èyí tó le gan-an lọ.

Ó dáa, kí n sọ ohun tí ẹ máa ṣe kíá, orí ti ń fọ́ mi. Ẹ dùbúlẹ̀ lé e, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹ ṣe ń sùn nílé gan-an. Bí ẹ bá ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ wá èyí tó máa gba èjìká àti ìbàdí yín wọlé díẹ̀. Bí ẹ bá ń dojú bolẹ̀, èyí tó le díẹ̀, kí ìbàdí má baà rì. Bí ooru bá ń mú yín lóru, ẹ ṣọ́ra fún memory foam, ìyẹn fóòmù tó máa ń rì díẹ̀díẹ̀ bá ìrísí ara, ó máa ń mú ooru ara dání. Atẹ́gùn ń ráyè kọjá nínú onísípíríǹgì jù ú lọ. Ẹ ka ìwé wọ́ráńtì kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ tú síìpù. Èyí tí kò ní síìpù, ẹ gbé e wọ̀n. Bí wọn ò bá gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin onífóòmù olóòótọ́ tó bá ń ka èyí, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ yín. Gbogbo yín lẹ jọra lójú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ẹni tó fẹ́ ta ìrọ̀rí fún mi tú u wò níṣojú mi. Ó bi mí pé ṣé ara mi yá.

Orí fóòmù àtijọ́ la tún ń sùn báyìí. Mo ti gbé e fún àbúrò ọkọ mi lọ́jọ́ tí tuntun dé, pẹ̀lú ẹ̀rín àti àdúrà. Mo ní láti lọ gbà á padà. Ó ti tẹ́ aṣọ tuntun lé e. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo sọ fún un.